Ìràwọ̀ Orí Ìka

Bí ẹ bá ní fọ́tò lára ògiri níbi tí ẹ ti wọ aṣọ olóyè, tí ẹ̀yin fúnra yín sì mọ̀ pé ẹ ò ní ìlẹ̀kẹ̀ iyùn kankan nílé, ẹ dìde, ẹ lọ wo ọwọ́ inú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó padà wá jókòó. Èmi ti wo tèmi. Mo ti yí i kọjú sí ògiri, nítorí ohun tí ojú Rùfáì rí ní ìlú Ọ̀wọ̀ kò ṣe é fi ṣeré.

Ọmọ aránṣọ ni Rùfáì, ìtòsí Ọjà Ọba sì ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ wà. Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe kó kàn ya èèyàn kó gba owó. Bó bá yà ọ́ tán, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á gbá máòsì mú, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ́ lọ́ṣọ̀ọ́. Á pa àpá ojú rẹ rẹ́, á tan ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn orí rẹ, á da òdòdó sí igun fọ́tò, á wọ́n ìràwọ̀ wínníwínní sára aṣọ rẹ. Ìyá àgbà tó gbé ojú hunjọ wọlé á gbé ojú ìyàwó tuntun jáde. Ká sòótọ́, ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n ṣe.

Nǹkan méjì wà tí gbogbo onífọ́tò agbègbè náà mọ̀ nípa rẹ̀. Èkíní ni ìka òrùka ọwọ́ òsì rẹ̀ tó wọ́. Ilẹ̀kùn irin ló já lé e nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olóògbé Olúgbádé, ìka náà sì jinná ní wíwọ́. Èkejì ni ara rẹ̀. Ọjọ́ kan ni Olúgbádé yìí wọ̀ ọ́ ní aṣọ àràn àti ìlẹ̀kẹ̀ tó yá lọ́wọ́ olóyè kan, ó ní kó jókòó, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì yà á. Ó fi kọ̀ǹpútà gé orí rẹ̀ kúrò, ó fi ara tó kù pamọ́. Láti ìgbà náà, ọkùnrin tó bá fẹ́ dà bí olóyè, orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yà, wọ́n á gbé e ka ara Rùfáì. Ara yẹn ti ọwọ́ onífọ́tò kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn títí ó fi dé Ìdóàní àti Ifọ́n. Rùfáì a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Àyà mi ń bẹ ní pálọ̀ àwọn àgbà tí kò tí ì jẹ́ kí n wọ pálọ̀ wọn rí."

Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Akínjídé dé.

Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni Akínjídé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ó sì kéré sí Rùfáì dáadáa. Àkúrẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́. Nínú gbogbo ilẹ̀ Ọ̀wọ̀, kò rí ibi tó máa gba ṣọ́ọ̀bù sí, àfi ọ̀kánkán Rùfáì gan-an. Ó fi gíláàsì ṣe iwájú ibẹ̀, ó sì gbé fọ́tò ara rẹ̀ tó ga ju èèyàn lọ síta. Òun rèé lórí àga, aṣọ àràn pupa lọ́rùn, ìlẹ̀kẹ̀ títí dé ìdodo, èéfín aláwọ̀ wúrà ń rú lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìtànṣán ń yọ lẹ́yìn orí rẹ̀, ìràwọ̀ sì wọ́n láti èjìká títí dé orí ìka. Bí oòrùn bá kàn án, ńṣe ni àwọn ìràwọ̀ náà ń ṣẹ́jú sí èèyàn.

Wọ́n ṣẹ́jú títí wọ́n fi kó oníbàárà lọ. Lábísí tó ń ta èlò ìṣaralóge, tó jẹ́ pé Rùfáì ló ya ìkómọ gbogbo ọmọ rẹ̀, juwọ́ sí i láti òdìkejì títì. "Bọ̀dá Rùfáì, ẹ kúuṣẹ́ o! Mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín!" Kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bẹ́ńṣì tí èèyàn máa ń kún fọ́fọ́ wá di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn sí.

Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́. Ó ń jowú. Owú náà wọ̀ ọ́ lára, ó bá a jẹun, ó bá a kírun. Lọ́jọ́ kan ó dọ́gbọ́n kọjá níwájú gíláàsì Akínjídé, ó yọjú, ó sì rí aṣọ pupa kékeré kan tí wọ́n ká, tí wọ́n fi há abẹ́ kọ̀ǹpútà.

"Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀," ó sọ fún ara rẹ̀. "Mo ti mọ̀ pé ojú lásán kọ́."

*

Òun náà ra ọṣẹ. Ọṣẹ dúdú kan tí wọ́n gún nǹkan mọ́ ni, àwọn tó tà á ní Ìdóàní sì ní èrò máa wọ́ tọ̀ ọ́. Ìdájí ló ń fi bọ́jú kí wọ́n tó pe ìrun, á sì nu ojú gbẹ, á gba mọ́sálásí lọ bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọlé lẹ́yìn ọṣẹ náà kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni ṣọ́ọ̀bù Akínjídé?"

Ìyẹn ṣì kéré. Lẹ́yìn ìrun Mọ̀ǹgàríbì ọjọ́ kan, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń wo Wáásáàpù lórí fóònù, ó sì kan fọ́tò obìnrin kan tó dára débi pé ó kọ́kọ́ yìn ín kó tó mọ ẹni tó jẹ́. Zulaihat ni, ìyàwó tirẹ̀, tó ń ta aṣọ ọmọdé lọ́jà. Gèlè rẹ̀ dúró ṣánṣán, òdòdó yí i ká, ìràwọ̀ kéékèèké sùn sórí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ní igun ìsàlẹ̀ ni orúkọ Akínjídé wà.

"Zulaihat! Ta ló ya èyí?"

"Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, Bàbá Ibtisam."

"Ìwọ, ìyàwó onífọ́tò!"

"Ìyàwó onífọ́tò tí kò ní fọ́tò," obìnrin náà dáhùn, ó sì gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ sọ fún mi, láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ìgbà wo lẹ gbé kámẹ́rà kọjú sí mi? Gbogbo obìnrin Ọ̀wọ̀ lẹ ti wọ́n ìràwọ̀ sí lára. Èmi ńkọ́?"

"Kí ló ń sọ fún ẹ nígbà tó ń yà ẹ́?"

"Ó ní kí n gbé àgbọ̀n sókè."

"Àgbọ̀n nìkan?"

Zulaihat wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó pòṣé, ó wọlé lọ.

Rùfáì dá jókòó. Ó fi ìka fẹ fọ́tò náà lójú, ó ń fẹ̀ ẹ́ lọ, ó ń fẹ̀ ẹ́ lọ, títí ó fi ku ẹyinjú ìyàwó rẹ̀ nìkan lójú fóònù. Láàárín dúdú ẹyinjú náà, ó rí ọkùnrin kékeré kan tó dúró, tó gbé kámẹ́rà dání. Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí nínú ojú gbogbo ẹni tí wọ́n bá yà. Òun tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí láti kékeré, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kò sùn.

*

Awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ìdóàní ló júwe Bàbá Jonah ní Àfò fún un. Kúkúrú ni iṣẹ́ tí bàbá náà fi rán awakọ̀ padà sí i: "Mú fọ́tò rẹ̀ wá. Èyí tí ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti hàn."

Fọ́tò wo ni Rùfáì tún ń wá? Ó wà níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ga ju èèyàn lọ. Ó dúró títí Akínjídé fi jáde lọ jẹun, ó fi fóònù ya fọ́tò ńlá náà, ó sì wọlé lọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ orí, ó tẹ àyà, nígbà tó dé ọwọ́ ó dúró. Rùfáì fa ìwé náà yọ, ó fi òmíràn sí i. Ó tẹ orí, ó tẹ àyà, ó tún dúró níbi ọwọ́. Ìka rẹ̀ tó wọ́ ta á lójijì, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ gún un, alángbá kan sì já láti àjà, ó balẹ̀ sórí ẹ̀rọ náà, ó ń mi orí sí i. Ó fi bàtà lé e. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kù gìrì, ó pọ ìwé jáde tán pátá.

Ẹni tó ń fi ojú wá abàwọ́n kékeré lára èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́ ni Rùfáì. Ṣùgbọ́n fọ́tò yìí, kò wò ó. Ó ká a bó ṣe ń wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó kì í bọ àpò. Inú ń bí i ju kó lè wò ó lọ.

*

Bàbá Jonah ń sá láfún lórí àpáta lẹ́yìn ilé rẹ̀ nígbà tí Rùfáì dé. Arúgbó tín-ín-rín kan ni. Orúkọ wòlíì ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sí nínú Bíbélì kankan tí mo mọ̀. Òru ni Rùfáì rò pé irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín.

"Òru kẹ̀? Ọ̀sán ni tèmi. Ìgbà tí òjìji èèyàn bá sá wọ abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ìgbà yẹn ni kò ní alábòójútó." Ó na ọwọ́. "Orí ni o fẹ́ kí a mú, àbí ọwọ́?"

"Ọwọ́ ni, Bàbá. Mi ò fẹ́ kó kú. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọwọ́ yẹn má lè gbé máòsì mọ́. Kó má lè tẹ kámẹ́rà sí ìyàwó oníyàwó mọ́."

Bàbá Jonah gbé fọ́tò náà jìnnà sójú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó pẹ́ lórí ọwọ́ náà.

"Ṣé òun ló ni ọwọ́ yìí?"

"Òun ni."

"Mo ní, ṣé ó dá ọ lójú? Ohun tí mo ní níbí kì í wo ojú èèyàn. Ọwọ́ tí wọ́n bá fi hàn án ló ń wá lọ."

"Bàbá, ẹ ò rí ojú ẹ̀ ni? Òun náà ló jókòó tó ń ṣe fáàrí yẹn."

Arúgbó náà gbé èjìká sókè, ó wọlé, ó mú ẹ̀tù dúdú kan àti òwú jáde. Ohun tó wà nínú ẹ̀tù náà, kò sọ, èmi náà ò sì ní parọ́ fún yín. Ó bù ú sórí ọwọ́ inú fọ́tò, ó ká ìwé náà mọ́ ọn, ó gbé gbogbo rẹ̀ fún Rùfáì. "Ẹni tó ní ìjà ló ń so ó. Bí o bá ti ń ta kókó kan, pe orúkọ rẹ̀."

Rùfáì so ó. Ó ta kókó, ó pe Akínjídé, ó fà á le. Ó tún ta òmíràn, ó rántí ọkùnrin kékeré inú ẹyinjú, ó fà á le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń ta á bẹ́ẹ̀ títí kókó fi pé mẹ́wàá, òógùn ń kán lágbárí rẹ̀ sórí òwú. Nígbà tó wo ilẹ̀, kò rí òjìji ara rẹ̀.

"Gbọ́ o," Bàbá Jonah sọ. "Bí o bá fẹ́ tú u lọ́jọ́ kan, ìka èèyàn ni kó tú u. Kò gbọdọ̀ rí ọ̀bẹ, kò gbọdọ̀ rí eyín, kò gbọdọ̀ rí iná. Ìwọ tó so ó lè tú u. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà níbẹ̀ náà lè tú u. Kò sí ẹlòmíràn."

"Tú kí ni? Kó wà níbẹ̀ títí láé ni mo fẹ́!"

Wọ́n rì í mọ́ ìdí igi ọsàn kan. Nígbà tí wọ́n da erùpẹ̀ bò ó tán, erùpẹ̀ náà wú díẹ̀, ó sì padà lọ sílẹ̀, bíi pé ẹnìkan mí lábẹ́ rẹ̀. Rùfáì gun ọ̀kadà padà wá. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù jálẹ̀ ọ̀nà, ó sì ní ọyẹ́ ni.

*

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ̀kánkán. Ó gbé àga rẹ̀ kọjú síta, ó ń wo Akínjídé nínú gíláàsì bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ife tíì bọ́ lọ́wọ́ Akínjídé, ó fọ́ yángá. Ọkùnrin náà gbọn ọwọ́, ó ń fẹ́ ẹ̀mí sí i.

"Áà, ó ti mú un!" Rùfáì dìde dúró. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra mọ́ínmọ́ín fún àwọn ọlọ́kadà ìdí ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n tíì gbígbóná lásán ni. Kó tó di ọ̀sán, Akínjídé ti gbé kámẹ́rà, ó ń ya àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àwọn ìka rẹ̀ ń fò lórí kámẹ́rà bí wọ́n ṣe ń fò tẹ́lẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Rùfáì ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Oníbàárà kan tó ṣẹ́kù sí i, ìyàwó tuntun kan láti Ute, mú fọ́tò ìgbéyàwó wá pé kó fi ìràwọ̀ díẹ̀ sí gèlè. Rùfáì di máòsì mú. Ìka rẹ̀ tó wọ́ kọ́kọ́ kú tipiri, èyí tó tẹ̀ lé e náà kú, ó ràn dé ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ náà wúwo lórí máòsì, kò sì gbọ́ ohun tí ó ń sọ fún un mọ́. Ìràwọ̀ ń dà. Ó dà sórí gèlè, ó dà sí iwájú orí, ó dà bo ojú méjèèjì ìyàwó náà, ó ń dà sí i lórí ara wọn títí ibi tí ojú wà fi funfun báláú.

"Ẹ ti fọ́ mi lójú!" ọmọbìnrin náà pariwo. "Ẹ gbà mí, ọkùnrin yìí ti fọ́ mi lójú nínú fọ́tò mi!" Ó sáré sọdá títì lọ sí ọ̀dọ̀ Akínjídé.

*

"Ó ti dá a padà fún mi." Ohun tí Rùfáì ń sọ ṣáá nìyẹn. "Ó mọ̀. Tirẹ̀ le ju tèmi lọ, ó sì dá a padà."

Kí ni kò ṣe tán? Ó sán òǹdè mọ́dìí lábẹ́ jalamíà. Ó bu nǹkan kan sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ewúrẹ́ sì wá lá a, kò ṣe ewúrẹ́ ní nǹkan kan. Ó ra òrùka, ìka tó yẹ kó fi sí sì ti wú, kò wọ̀ ọ́. Lọ́sàn-án kan, láti orí àga rẹ̀, ó rí Akínjídé tó fa aṣọ pupa yẹn yọ lábẹ́ kọ̀ǹpútà, tó fi í ra ojú kọ̀ǹpútà yíká-yíká, tó tún ká a, tó fi í há ibi tó wà.

"Wò ó! Wo bó ṣe ń fi ra á!" ó ké sí Zulaihat tó gbé oúnjẹ wá fún un. "Ojú mi ló ń pa rẹ́ níbẹ̀ yẹn!"

Zulaihat wo ọ̀hún, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó ti ń bá a bu oúnjẹ sẹ́nu láti ọjọ́ mélòó kan, nítorí ọwọ́ méjèèjì ti di igi. Àánú ṣe é, ẹ̀rù sì bà á. Ó mú iṣẹ́ ìyàwó tuntun tó bàjẹ́, tó ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, ó sọdá lọ bá Akínjídé pé kó jọ̀ọ́ bá wọn tún un ṣe.

Akínjídé tún un ṣe, kò sì gba kọ́bọ̀. Nígbà tí Zulaihat ń padà bọ̀, ó fún un ní fíláàṣì kan. "Ẹ bá mi gbé e fún ẹ̀gbọ́n. Mo fi fọ́tò tèmi tó wà níta sínú ẹ̀, mi ò tí ì dì í pọ̀, gbogbo ọ̀ṣọ́ ibẹ̀ ló dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí wọ́n mú ìràwọ̀ rẹ̀ lò bó bá wù wọ́n. Ó máa dín iṣẹ́ kù fún ọwọ́ wọn."

*

"Ṣí i," Rùfáì sọ. "Ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ wà. Ṣí i, kí n rí ohun tó fi sábẹ́ ìràwọ̀ yẹn."

Zulaihat jókòó ti kọ̀ǹpútà, ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ ibi tó máa tẹ̀ fún un. Fọ́tò ńlá náà yọ. Akínjídé inú rẹ̀ ń wò wọ́n.

"Yọ èéfín."

Ó yọ ọ́. Èéfín wúrà pòórá.

"Yọ ìtànṣán ẹ̀yìn orí. Yọ pupa tó kùn sára àràn."

Aṣọ pupa di búlúù ràkọ̀ràkọ̀. Rùfáì sún mọ́ ọn. Ó mọ aṣọ náà.

"Bàbá Ibtisam, kí ni mo máa yọ báyìí?"

Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀. "Yọ ìràwọ̀."

Àwọn ìràwọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ méjì wà lórí orúnkún, láìsí ohun kan lórí wọn mọ́. Ìka òrùka ọwọ́ kan wọ́. Ibi tí ìràwọ̀ tó tóbi jù ti jókòó nìyẹn.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni," Rùfáì kígbe, bí ẹni tó ń rawọ́ ẹ̀bẹ̀. "Tèmi wọ́ ní òsì! Ọwọ́ ọ̀tún nìyẹn, kì í ṣe èmi!"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń sọ pé wọ́n ń yí i padà kí ara má baà jọra lára gbogbo ògiri?" Zulaihat béèrè. Ó tẹ ibi tó yẹ, fọ́tò náà yí, ọ̀tún di òsì. Ìka tó wọ́ bọ́ sí àyè rẹ̀. Orí Akínjídé wà lókè, ara Rùfáì wà nísàlẹ̀, ọwọ́ Rùfáì lórí orúnkún Rùfáì.

Ara tó ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ìlú, kò dá a mọ̀. Owú ló bò ó lójú, ìràwọ̀ kọ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì ní ọwọ́ tó máa fi nù ún.

Zulaihat yí padà. Obìnrin tó jẹ́ pé láti ìgbà tó ti bímọ kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. "Rùfáì," ó sọ, "kí lo ṣe?"

*

Àwọn méjèèjì ló lọ sí Àfò. Zulaihat kò jẹ́ kó dá lọ. Bàbá Jonah hú ìdì náà jáde nídìí igi ọsàn, ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, ó gbé e lé orúnkún Rùfáì. Rùfáì gbìyànjú. Àwọn ìka náà ń rá lórí òwú, wọn ò mú nǹkan kan. Ó fi ọrùn ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sún mọ́ ẹnu.

"Eyín!" Bàbá Jonah ké mọ́ ọn. "Bó bá rí eyín, ọwọ́ yẹn ti lọ nìyẹn."

"Bàbá, ẹ bá mi tú u."

"Èmi ni mo so ó? Ojú mi wà níbẹ̀?" Arúgbó náà padà sídìí láfún rẹ̀. "Mo bi ọ́ léèrè, o ní òun ni. Lọ bá ẹni tó ni ojú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí kò tí ì tú, má wulẹ̀ wá síbí mọ́."

Òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n rí ìkùukùu dúdú lápá Ìdóàní bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀.

*

Ọ̀sán ni wọ́n dé, ṣọ́ọ̀bù Akínjídé sì kún. Lábísí wà níbẹ̀, ó ń gbé àgbọ̀n sókè. Rùfáì dúró lẹ́nu ọ̀nà gíláàsì tí kò wọ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ padà, Zulaihat sì fi ọwọ́ tì í lẹ́yìn. Ó wọlé. Ó kúnlẹ̀. Ẹ̀yin mọ ohun tó jẹ́ fún àgbà láti kúnlẹ̀ fún àbúrò níwájú oníbàárà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde, kí ló dé?"

Zulaihat gbé ìdì náà lé orí tábìlì. Rùfáì sọ gbogbo rẹ̀, ọṣẹ, fọ́tò, Àfò, òwú. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Lábísí fi ọwọ́ bo ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ tí ibẹ̀ fi ṣófo.

Akínjídé kò pariwo. Ó gbé ìdì náà, ó wò ó, ó rí ojú ara rẹ̀ tí òwú dúdú gba àárín rẹ̀ kọjá. "Ọwọ́ mi lẹ fẹ́," ó sọ jẹ́jẹ́.

"Àbúrò mi, èṣù ni."

"Nítorí kí ni?"

"Ìwọ náà ní nǹkan! Mo rí i! Aṣọ pupa abẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn."

Akínjídé fa aṣọ náà yọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Eruku ló wà lára rẹ̀. "Èyí? Ìyá mi ló gé e fún mi lára aṣọ àtijọ́. Mo fi ń nu kọ̀ǹpútà ni, ẹ̀gbọ́n."

Àrá sán níta. Akínjídé jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú náà. Àwọn ìka rẹ̀ tó yá yẹn, àwọn tí Rùfáì ti fi ojú burúkú wò láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń wọ abẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tú u. Bí kókó kan ti ń tú ni ìka kan ń ta Rùfáì, tó ń móoru, tó ń mì. Àtàǹpàkò jí. Ìfábẹ̀lá jí. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó pa á dé, ó sunkún bí ọmọdé. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó-tó lórí páànù.

Ó ku kókó kan. Akínjídé gbé ìka kúrò lórí rẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan, àbúrò mi. Ó ku èyí tó wọ́."

"Mo rí i."

"Òjò ti ń rọ̀ o!"

"Mo gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n." Ó wo Rùfáì lójú fún ìgbà pípẹ́, kò sì sí ẹ̀rín kankan lójú ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ́. "Bí mo bá tú u tán, kí ló máa dá yín dúró lọ́jọ́ tí inú bá tún bí yín? Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́wọ́ mi; òwú rẹ̀ ṣì tó so mìíràn. Ìka kan ṣoṣo ni, ó sì ti wọ́ tẹ́lẹ̀."

Ó gbọn eruku ara aṣọ pupa náà dànù, ó fi di ohun tó kù, ó ká a, ó sì fi í há abẹ́ kọ̀ǹpútà, níbi tí Rùfáì ti kọ́kọ́ rí i. Òjò àkọ́rọ̀ dà wàá.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n," Akínjídé sọ. "Ẹ bá mi kí Ibtisam."

*

Rùfáì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Zulaihat ni ẹni àkọ́kọ́ tó yà, fọ́tò náà wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì fi ìràwọ̀ kankan sí i, nítorí obìnrin náà ní òun ò fẹ́. Ìka tó wọ́ yẹn kò jí. Ó wà níbẹ̀, ó dúdú, ó tutù bíi ti òkú.

Aṣọ tí Akínjídé fi ń nu kọ̀ǹpútà báyìí, búlúù ni. Pupa wà lábẹ́ ibẹ̀. Nígbà mìíràn, lọ́sàn-án, bí oníbàárà bá dín kù, ọkùnrin náà á gbé ọwọ́ lé e, á máa fi ìka yí etí rẹ̀ bí ẹni tó ń ronú nǹkan mìíràn. Lódìkejì títì, Rùfáì á fi máòsì sílẹ̀, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, á sì máa ka ìka rẹ̀.